Fèrèsé Àdáwò

Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo, kò sì fi agídí mú ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Ajíbóyè tí wọ́n ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní kí wọ́n fara balẹ̀ mu ún tán, pé ọkọ̀ yóò dúró. Ọkọ̀ náà wà níta lóòótọ́. Kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ti ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti tẹ́ ibùsùn sínú rẹ̀, wọ́n ti kọ orúkọ Bàbá sára ìrọ̀rí.

Ibi ìkùdù ẹja tó wà lẹ́yìnkùlé ni Mọrádéùn, ọmọbìnrin wọn, ti ń bọ̀ nígbà tó bá wọn bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù. Ó kí àlejò, ó sì bi í pé ta ló wá mú. Obìnrin náà dáhùn pé Ìbíwùmí ni orúkọ òun, pé láti Ilé Ìtura Àwọn Àgbà ní Adó lòun ti wá, Bàbá lòun sì wá mú, gẹ́gẹ́ bí Mọrádéùn àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Òṣogbo ṣe fẹnu kò sí i.

Mọrádéùn ní òun kò bá ẹnikẹ́ni fẹnu kò sí nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ya nọ́ọ̀sì lẹ́nu. Ojú rẹ̀ jọ ojú ẹni tó ti mọ̀ pé ọjọ́ tí wọ́n bá ń gbé òbí lọ, ọmọ a máa yí ohùn padà. Ó yọ gíláàsì rẹ̀ jáde, pẹlẹbẹ dídán bí èyí tí gbogbo ayé ń mú káàkiri, ó fi ìka kàn án, ohùn obìnrin kan sì jáde.

“Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ṣeun tí ẹ ro ọ̀rọ̀ yìí. Kí n má purọ́ fún yín, ó ti rẹ̀ mí. Mi ò mọ ìyàtọ̀ alẹ́ sí ọ̀sán mọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá mú Bàbá lọ síbi tí wọ́n á ti lè tọ́jú wọn dáadáa. Mo fọwọ́ sí i.”

Kì í ṣe pé ó jọ ohùn Mọrádéùn. Ohùn rẹ̀ ni. Ẹ̀rín kékeré tó máa ń ti imú rẹ̀ jáde kó tó sọ ọ̀rọ̀ tó le, ó wà níbẹ̀. Bàbá gbé ife ẹ̀kọ kalẹ̀. Ojú wọn kò ríran tó mọ́, òjìji lásán ni wọ́n ń rí, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ojú sí ibi tí ọmọ wọn dúró sí.

“Àwẹ̀ró,” ni wọ́n wí, oríkì rẹ̀ ni wọ́n fi pè é, “ìgbà wo lo sọ bẹ́ẹ̀?”

Ó ní òun kò sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, láti ìgbà tí Bàbá ti ṣubú nílé ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, kò sì tíì sọ ọ́ fún alààyè kan, kò tilẹ̀ sọ ọ́ nínú àdúrà. Báwo ni gíláàsì àlejò ṣe wá mọ̀ ọ́n?

Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí na gíláàsì sí i, ó ní bó bá ti yí èrò rẹ̀ padà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n á gbọ́ ọ ní Adó. Mọrádéùn sọ ọ́. Gíláàsì náà kò mì, kò tanná. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀. Ńṣe ló dà bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

“Ẹ jọ̀wọ́ mà,” ni nọ́ọ̀sì bi í, “fèrèsé wo lẹ ń lò?”

“Àdáwò.”

Nọ́ọ̀sì náà wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ẹni tó ní omi odò lòun ń mu. Ó ti gbọ́ orúkọ náà rí, ó ní, ṣùgbọ́n kò tíì fojú kan ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́. Gbogbo ilẹ̀ Èkìtì, àní gbogbo orílẹ̀-èdè, Ajùmọ̀wò ni fèrèsé tí wọ́n fi ń wo ayé nínú gíláàsì. Òun ló ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ ojú irin, òun ló ń mú ènìyàn dé ọ̀dọ̀ dókítà, nínú rẹ̀ sì ni agbẹnusọ kálukú wà, èyí tó mọ ohùn ẹni, tó mọ inú ẹni, tó sì ń bá ẹbí àti ọ̀rẹ́ ẹni sọ̀rọ̀ nígbà tí àyè kò bá sí fún olúwarẹ̀. Nígbà tó yá, àyè kò sí fún ẹnikẹ́ni mọ́.

“Kì í ṣe ẹjọ́ mi, mà,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Òfin ló ní ohun tí agbẹnusọ ẹni bá sọ, ẹni náà ló sọ ọ́. Ẹni tí kò bá sì ní agbẹnusọ, kò lẹ́nu lọ́dọ̀ ìjọba. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ padà, kò le. Ẹ kàn fi àtẹ́lẹwọ́ kan gíláàsì mi yìí. Agbẹnusọ yín á bá ti ẹ̀gbọ́n yín sọ ọ́. Kí n tó mu omi tán, wọ́n á ti yanjú ẹ̀.”

Mọrádéùn wo gíláàsì náà. Ó wo Bàbá, ó wo ẹ̀kọ tó ti ń dì nínú ife. Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ kì í ṣe irọ́. Agbẹnusọ rẹ̀ gbọ́n, ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ tútù gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Bóyá á gba Bàbá sílẹ̀ lóòótọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú. Ó gbé ọwọ́ sókè. Ó ku díẹ̀ kó kàn án.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ Títílọlá sọ sí i lọ́kàn.

Títílọlá jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ṣe kòńgẹ́ ara wọn níwájú ilé ìjọsìn, Títílọlá sì dì mọ́ ọn, ó sunkún sí i léjìká, ó ń dúpẹ́ fún ọ̀rọ̀ ìtùnú tí Mọrádéùn fi ránṣẹ́ nígbà tí ọmọ òun kú. Ó ní òun ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí, pé ọ̀rọ̀ náà ló ń gbé òun ró. Mọrádéùn kò gbọ́ rí pé ọmọ náà kú. Ó dúró síbẹ̀, ó ń fọwọ́ pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó délé, ó wá ọ̀rọ̀ tí agbẹnusọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ náà jáde nínú gíláàsì, ó gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, ó jinlẹ̀, ó ju ohun tí òun fúnra rẹ̀ ì bá rí sọ lọ. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti wà nínú ọ̀fọ̀, òun ń bọ́ ẹja.

Ọjọ́ náà ló yọ Ajùmọ̀wò kúrò, tó sì fi Àdáwò sí i. Fèrèsé tí kò gbajúmọ̀ ni Àdáwò, ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀ ló ń tún un ṣe, wọn kò sì gbowó. Ohun tí ènìyàn bá kọ ló ń fi hàn ọ́ bó ṣe kọ ọ́. Kì í bá ọ sọ̀rọ̀, kì í bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún ọ. Bí o bá fẹ́ kí ènìyàn, ọwọ́ ara rẹ lo máa fi tẹ ìkíni náà lẹ́tà-lẹ́tà. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń ra ẹja kò rí orúkọ rẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ojú irin kò ṣílẹ̀kùn fún un, àwọn ará ìjọ sì ń kí i ní ohùn tí wọ́n fi ń kí ẹni tó ń gbádùn bọ̀ láti inú àìsàn. Ó fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Èyí tó dùn ún jù ni ti Bàbá. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni ohùn ọmọkùnrin wọn máa ń jáde tẹ́lẹ̀ nínú gíláàsì Mọrádéùn láti bá wọn ṣeré, Bàbá a sì dé fìlà kí wọ́n tó jókòó tì í. Ohùn náà dákẹ́ ní ọjọ́ tí Àdáwò wọlé. Bàbá bèèrè títí, wọn kò bèèrè mọ́.

Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó bi nọ́ọ̀sì bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Nọ́ọ̀sì ronú, ó ní ọ̀kan wà nínú òfin: ẹni tó bá wà nínú Ajùmọ̀wò lè fa ọ̀rọ̀ agbẹnusọ rẹ̀ sẹ́yìn, bó bá wá fúnra rẹ̀, tó dúró níwájú òṣìṣẹ́, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lè ṣe é.

“Láti ìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó wá,” ni nọ́ọ̀sì wí. Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Mo ní àgbà kan láti mú ní Ọ̀gọ̀tún. Ibí ni mo máa gbà padà kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Mọrádéùn fi Bàbá sílẹ̀ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ó sì bọ́ sójú ọ̀nà.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Òṣogbo ló gbé e. Ọkùnrin kan ló ń wà á, awakọ̀ gidi, ọ̀kan nínú àwọn díẹ̀ tó kù, nítorí ọ̀nà oko kò tíì ní àmì tí ọkọ̀ aláìláwakọ̀ lè tẹ̀ lé. Mọrádéùn fún un ní ẹja gbígbẹ, ó sì jókòó tì í níwájú. Bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè Ẹ̀fọ̀n, tí ìrì ṣì bo àfonífojì, ó ń ro ohun tó máa sọ fún Akínbọ̀dé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì rí gbólóhùn kan mú.

Ìjà ti wà láàárín àwọn méjèèjì rí. Nígbà tí ìyá wọn kú, òjò ti gé afárá ní Iléṣà, Akínbọ̀dé kò sì lè kọjá. Mọrádéùn kò dúró dè é. Òkú ti ń yí padà, àwọn àgbà ilé ní kí wọ́n sin ín, ó sì gbà. Nígbà tí Akínbọ̀dé dé, iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ lórí sàréè. Ó sọ níwájú gbogbo ẹbí pé àìbìkítà Mọrádéùn ló pa ìyá òun, pé ilé ìwòsàn ni ìbá gbé e lọ dípò kó máa po àgbo fún un nílé. Fún ọdún kan gbáko, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ajùmọ̀wò mú ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fún un. Akínbọ̀dé ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní ìbànújẹ́ ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe òun. Ó ní kó jọ̀wọ́, kó dárí ji òun nítorí ìyá àwọn. Mọrádéùn sunkún títí ó fi kúnlẹ̀, ó sì dárí jì í pátápátá. Láti ìgbà náà wá, àlàáfíà jọba. Ọdún márùn-ún ti kọjá, Òṣogbo kò sì jìnnà, síbẹ̀ Akínbọ̀dé kò wá sílé lẹ́ẹ̀kan. Wọn kò kíyè sí i. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbúròó ara wọn.

Òkè-Fìà ni ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà. Géètì náà ní ojú, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò mọ̀ ọ́n, kò sì ṣí. Mọrádéùn ṣa òkúta kan, ó fi kan irin géètì náà, kò, kò, kò. Àwọn ará àdúgbò yọjú lójú fèrèsé láti wo ohun tó ń dún bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ọkùnrin kan jáde pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Irun rẹ̀ ti funfun, ó ti tẹ̀ díẹ̀ léjìká. Ó tó ìṣẹ́jú kan kí Mọrádéùn tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ni, nítorí kò sí ewú kankan lórí àwòrán tí Ajùmọ̀wò máa ń fi hàn án.

“Mọrádéùn?” Ohùn rẹ̀ há, bí ohùn ẹni tí kì í sábà lò ó. “Kí ló dé? Ṣebí àná la jọ sọ̀rọ̀.”

“Kì í ṣe èmi lẹ bá sọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi.”

Ó mú un wọlé, ó bu omi fún un. Òun nìkan ló wà nílé, ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ síwájú àbúrò rẹ̀ láti fi hàn án pé òun kò ṣìwí. Ohùn Mọrádéùn wà níbẹ̀ lóòótọ́, ti àná, ti ìjẹta, ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: pé ẹja ti ń tóbi, pé Bàbá ń kí i, pé òjò pọ̀ lọ́dún yìí. Mọrádéùn sọ fún un pé ó ti tó oṣù mẹ́ta tí òun ti kúrò nínú Ajùmọ̀wò. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun ti fi ọwọ́ ara òun kọ̀wé sí i láti inú Àdáwò, tí kò fèsì. Akínbọ̀dé wá a títí, ó sì bá méjèèjì níbi tí Ajùmọ̀wò ń kó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì pamọ́ sí. Kò tíì ṣí wọn rí. Fèrèsé rẹ̀ kò fẹ́ kó mọ̀ pé àlàfo ti wà. Ó ti gé ọ̀rọ̀ àtijọ́ àbúrò rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó sì ń fi lẹ ibi tó ya.

“Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n wá mú Bàbá, Bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ̀yin ńkọ́?”

Akínbọ̀dé ní agbẹnusọ òun ló mú ìmọ̀ràn náà wá, ó ní ó ti rẹ Mọrádéùn, pé Bàbá ti ṣubú nígbà méjì. Òun kàn mi orí ni. Ó rò pé inú àbúrò òun á dùn.

“Mo rò pé a ti di ọ̀kan,” ló wí, “láti ọjọ́ tí o ti bẹ̀ mí.”

Mọrádéùn gbójú sókè. “Ẹ̀yin lẹ bẹ̀ mí.”

“Ìwọ lo bẹ̀ mí. O ní kò yẹ kí o sin ìyá wa láìdúró dè mí. O ní kí n dárí jì ọ́.”

Wọ́n wá a jáde nínú gíláàsì. Ẹ̀bẹ̀ Mọrádéùn wà níbẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó kún fún omijé. Ọjọ́ tí ẹ̀bẹ̀ Akínbọ̀dé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni. Kò sí ẹni tó bẹ ẹnì kejì nínú àwọn méjèèjì. Fèrèsé kálukú ti lọ bẹ ẹni tó ni ín lórúkọ ẹnì kejì, ọkàn méjèèjì sì rọ̀, wọ́n sì ti ń gbé nínú ìrọ̀rùn náà fún ọdún márùn-ún.

Wọn kò wo ojú ara wọn. Gíláàsì tó wà lórí tábìlì tanná, ọ̀rọ̀ kan sì yọ sí ojú rẹ̀ fún Akínbọ̀dé láti sọ: Àbúrò mi, ohun tó ti kọjá ti kọjá. Mọrádéùn rí bí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe lọ síbẹ̀, bí ètè rẹ̀ ṣe ń là.

“Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kà á,” ló wí. “Ohun tó wà nínú yín ni kí ẹ sọ.”

Akínbọ̀dé dojú gíláàsì bolẹ̀. Ó ti pẹ́ tí kò ti wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni tó ń táràrà nínú yàrá tó ṣókùnkùn.

“Mo ṣì ń bínú sí ọ,” ló sọ nígbẹ̀yìn. “O sin ìyá mi kí n tó dé. Mi ò rí ojú rẹ̀.”

“Èmi náà ń bínú sí yín. Ẹ sọ níwájú ẹbí pé èmi ni mo pa á.”

“Mo sọ ọ́.”

“Ẹ sọ ọ́.”

Omi bọ́ lójú Mọrádéùn, kò nù ún. Kì í ṣe irú ẹkún tó sun lọ́jọ́ ẹ̀bẹ̀ àtọwọ́dá yẹn. Èyí gbóná, ó sì ń ta á. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí àgbo náà ṣe jẹ́: ìyá wọn fúnra rẹ̀ ló kọ̀ láti lọ sílé ìwòsàn, ó ní òun fẹ́ kú sórí ẹní òun, ó sì mú kí Mọrádéùn búra pé òun ò ní sọ fún Akínbọ̀dé, nítorí ó mọ̀ pé á wá fi tipátipá gbé òun. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí di òní. Akínbọ̀dé tẹ́tí, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì, ó ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

“Ó sì ti rẹ̀ mí,” ni Mọrádéùn fi kún un. “Ìyẹn kì í ṣe irọ́. Fèrèsé yọ ọ́ láti inú mi láìtọrọ. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ tẹ̀ lé e kọ́ ni ǹ bá sọ. Ohun tí ǹ bá sọ ni pé, ẹ wá.”

Ó wá sọ fún un ohun tí òfin ní kó ṣe. Ẹ̀rù ba Akínbọ̀dé, kò sì fi pamọ́. Ẹni tó bá ta ko agbẹnusọ rẹ̀ níwájú ìjọba, aláhọ́n méjì ni wọ́n ń kọ sí orúkọ rẹ̀. Ní ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pín omi fún ìlú, kò sí ẹni tó máa fi iṣẹ́ ńlá lé aláhọ́n méjì lọ́wọ́ mọ́. Ó ku ọdún díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ó sọ gbogbo èyí, Mọrádéùn kò sì bá a jiyàn. Kò mọ ohun tí òun ì bá ṣe bó bá jẹ́ òun. Ó mu omi tó kù nínú ife, ó dìde, ó ní òun gbọ́dọ̀ padà lọ bá Bàbá kí ọkọ̀ tó dé.

Ó ti dé ẹnu géètì kó tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Akínbọ̀dé ti wọ bàtà. Ó ṣì ń so okùn rẹ̀ bó ti ń bọ̀.

Wọ́n bá ọkọ̀ akẹ́rù náà padà, òfìfo, àwọn méjèèjì jókòó lẹ́yìn lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọn kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n kọjá afárá Iléṣà, Akínbọ̀dé na ọwọ́ sí ibì kan létí odò, ó ní ibẹ̀ lòun sùn sí lálẹ́ ọjọ́ náà nínú òjò, tí òun ń retí kí omi fà. Mọrádéùn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo ibẹ̀ títí ó fi pòórá.

Ọkọ̀ àwọn àgbà ti ṣáájú wọn dé. Wọ́n ti gbé Bàbá jókòó sórí àga lẹ́bàá rẹ̀, aládùúgbò sì dúró tì wọ́n, ojú rẹ̀ pọ́n. Nínú ọkọ̀, ìyá arúgbó kan láti Ọ̀gọ̀tún ti sùn sórí ibùsùn kejì. Nọ́ọ̀sì Ìbíwùmí rí Akínbọ̀dé, ó sì yọ gíláàsì rẹ̀ láìsọ ohunkóhun.

“Èmi Akínbọ̀dé Ajíbóyè,” ló bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ há, “mo fa ọ̀rọ̀ mi sẹ́yìn. Bàbá mi ò lọ.”

Gíláàsì kò gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Agbẹnusọ rẹ̀ fèsì láti inú rẹ̀, ohùn Akínbọ̀dé kan náà, ṣùgbọ́n ó dán, ó tutù, ó dùn bí ohùn ọ̀dọ́. Ó bi í bóyá ó ti ronú dé ìsàlẹ̀. Ó rán an létí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní ìfẹ́ òtítọ́ a máa mọ ìgbà tó yẹ kí ènìyàn yọwọ́. Nínú àgbàlá, ohùn ọkùnrin kan ṣoṣo ń bá ara rẹ̀ jiyàn.

Bàbá na ọrùn. Ayọ̀ tàn lójú wọn.

“Akin,” ni wọ́n wí. “Akin mi nìyẹn. O ti pẹ́ jù.”

Gíláàsì ni wọ́n kọjú sí.

Mọrádéùn rí ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà yẹn, ó sì ṣíjú kúrò níbẹ̀. Akínbọ̀dé tún ọ̀rọ̀ náà sọ, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ń já lẹ́nu, títí gíláàsì fi gbà pé òun ló sọ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kú. Nọ́ọ̀sì kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì wọ ọkọ̀. Ilẹ̀kùn padé, ọkọ̀ ń lọ pẹ̀lú ibùsùn kan tó ṣófo.

“Ẹ ti lé Akin lọ,” ni Bàbá wí.

Mọrádéùn ní àkókò ìwẹ̀ Bàbá ti tó, nítorí ó ti tó lóòótọ́, ó sì na ọwọ́ sí garawa. Akínbọ̀dé gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé omi kaná, ó mú Bàbá dé ilé ìwẹ̀, ó dì wọ́n mú lábẹ́ apá bí ẹni tó di àwo ẹlẹgẹ́ mú. Mọrádéùn dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ̀lì. Ó rí i pé kò mọ̀ ọ́n ṣe, ó ń da omi sí wọn létí, ṣùgbọ́n kò wọlé lọ bá wọn.

“Omi yìí ò gbóná tó,” ni Bàbá wí. “Ìwọ ta ni?”

“Èmi ni, Bàbá. Èmi Àkànjí,” ni Akínbọ̀dé wí, oríkì tí Bàbá fún un.

Omi ń kán sílẹ̀ láti orí Bàbá.

“Ohùn Àkànjí kọ́ nìyí.”

“Òun ni, Bàbá. Ó ti há ni.”

Arúgbó náà gbé ọwọ́ sókè, wọ́n wá apá ọmọ wọn kàn, wọ́n dì í mú níbẹ̀. Wọ́n tẹ etí sílẹ̀ bí ẹni tó ń gbọ́ nǹkan lọ́ọ̀ọ́kán.

“Máa sọ̀rọ̀ lọ nígbà náà,” ni wọ́n wí. “Kí n lè tún un mọ̀.”

Akínbọ̀dé wo ẹnu ọ̀nà, ó wo àbúrò rẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ kankan gbà níbẹ̀. Ó bu omi, ó dà á sí ẹ̀yìn Bàbá. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀nà Iléṣà ṣe rí báyìí, àti iye igi tí wọ́n ti gé létí odò.